Okùn Kejì Lápá Bàbá Rẹ

Kémta, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Wàsíù Àkànní, ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ̀wé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́. Sìkírátù àbúrò rẹ ní kí òun bá mi kọ ọ́ kó lè tètè parí, mo ní kó gbé bíró sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré ni mo lò ní iléèwé kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè máa pè sí ẹlòmíràn létí kó máa bá mi kọ.

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọ kúrò ní Kàdúná lọ sí Sókótó, pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwa níbí ń dúpẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Wọn kò rán mi o, o mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ń kí ọ.

O kú oríire okùn kan tí wọ́n fún ọ lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà. Inú mi dùn, má rò pé inú mi ò dùn. Fọ́tò tí o yà pẹ̀lú okùn náà lápá ti dé, mo sì ti fi han gbogbo agbolé, títí kan àwọn tí kò bèèrè. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ta ló bá ọ rán an? Tòsì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tọ̀tún ga ju tòsì lọ, ẹni náà sì fi òwú ńláńlá gán an bí ìgbà tí wọ́n bá ń di ẹnu àpò gàrí. Bí mo ṣe rí i, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n wọ ọkọ̀ wá sí Sókótó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Bóyá o kò mọ̀ pé mo mọ okùn í rán. Kí n tó bí ọ, nígbà tí èmi àti bàbá rẹ ń gbé ní bárékè l'Ékòó, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ṣọ́jà máa ń kó kakí wọn wá bí wọ́n bá ti gba okùn. A kì í fi máṣíìnì rán okùn, torí máṣíìnì máa ń fa aṣọ jọ. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni. A ó kọ́kọ́ fọ kakí náà kó lè súnkì tán, a ó fi tépù wọ̀n ọ́n láti etí èjìká wá sílẹ̀, a ó wá gbé okùn náà lé e, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè, kí ṣóńṣó rẹ̀ tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́. Òwú gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ okùn mu. Bí o bá rán an tán, tí èèyàn ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́, tú u, kí o tún un rán. Fi èyí han ẹni tó rán tìrẹ.

Bàbá rẹ ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ okùn, nígbà tí mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Wọ́n ní olókùn kan, lánsì kọ́púrà, ni ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ pè bí èèyàn mẹ́rin bá ṣe àṣìṣe. Olókùn méjì, kọ́púrà, ni ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹun kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó jẹ. Olókùn mẹ́ta, sájẹ́ǹtì, ló wà láàárín àwọn ọ̀gá àti àwọn ọmọ ogun: tòkè ń bínú, tìsàlẹ̀ ń ráhùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn má wálé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyẹn. Má bínú sí Sìkírátù. Òun kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni mo rí lẹ́tà tí o kọ sí i lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí mo ń gbálẹ̀, mo sì kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kà á, ìyá rẹ ni mí. O ní Gàníyù, ọmọ ilé kejì, tí ẹ jọ lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́jọ́ kan náà, wá ṣọdún Iléyá pẹ̀lú okùn mẹ́ta, tó ń yan káàkiri àdúgbò. O ní nígbà tí o gbọ́, o búra pé ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ Abẹ́òkúta títí okùn mẹ́ta yóò fi pé lápá tìrẹ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ́ wé ẹnì kan.

Àkànní, ọdún mẹ́rin nìyí. Iléyá mẹ́rin ni mo ti gé ẹran tìrẹ sọ́tọ̀, tí mo sì gbé e fún ẹlòmíràn. Àárò rẹ ń sọ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lójúde tí yóò dà bí ẹsẹ̀ rẹ, màá sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wò ó, kó wá jẹ́ ẹni tó ń ta kẹrosíìnì.

Nígbà tí mo ka ìbúra yẹn, ojú mi ṣókùnkùn. Kì í ṣe torí ìbínú. Ó jẹ́ torí pé mo ti gbọ́ irú ìbúra bẹ́ẹ̀ rí, lẹ́nu bàbá rẹ, èmi ni mo sì fà á. A kò sọ ọ́ fún ọ̀kankan nínú ẹ̀yin ọmọ rí. Bí ẹ bá bi bàbá yín pé kí ló dé tí wọ́n fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn wọ́n. Jókòó, kí n sọ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mi, okùn kan ni wọ́n ní. Àwọn ènìyàn mi ní Ìtòkú kò fẹ́ ṣọ́jà rárá. Oníṣòwò àdìrẹ ni gbogbo wa, ẹni tó bá ń gbé ìbọn kiri lójú wọn, ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Lọ́jọ́ yìgì, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Ìtòkú, wo apá bàbá rẹ, wọ́n wá ní, "Okùn kan péré? Ewúrẹ́ ilé wa gan-an, méjì la fi ń so ó." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú bí ẹni gbé òkúta mì, mo ní ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ọdún kejì, bàbá rẹ lọ sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di kọ́púrà, wọ́n sì yege. Ọ̀gá wọn ní orúkọ wọn ti wà nínú ìwé, pé tí a bá ti ọdún Iléyá dé, wọn yóò kà á síta lórí pápá, okùn kejì yóò sì bọ́ sí wọn lápá. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì péré. A sì ń lọ sí Abẹ́òkúta lọ ṣọdún.

Okùn ṣẹ́kù nínú àpótí mi, èyí tí mo gé kù lára ti àwọn oníbàárà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, bàbá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, mo mú kakí tí mo ti lọ̀ fún wọn, mo wọ̀n ọ́n, mo sì rán okùn kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, lápá méjèèjì. N kò tíì rán okùn tó gún tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì tún rán irú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i, wọ́n fọwọ́ kan okùn tuntun náà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, tú u."

Mo ní, "Ṣebí wọ́n ti fún yín tán?"

Wọ́n ní, "Wọn ò tíì kà á. Tí wọn ò bá tíì kà á, kì í ṣe tèmi. Tú u."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, mo ní ta ló máa mọ̀ l'Ábẹ́òkúta, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tún fi mí ṣe ẹlẹ́yà níṣojú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo sì mọ ẹkún í sun dáadáa. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na apá aṣọ náà sórí eékún, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. Wọn kò tún sọ pé kí n tú u mọ́.

(Mo dúró díẹ̀ níbí. Oníbàárà kan wọlé tó ní ṣòkòtò òun fún òun ní ìdí. Òun ló sanra, kì í ṣe ṣòkòtò.)

Ó yá, ọdún náà dùn. Èmi ni mo tún fi kún un, mo ní kí wọ́n wọ kakí lọ sí Yídì, láàárín gbogbo èèyàn tó wọ agbádá. Bàbá Ìtòkú rí okùn méjì, wọ́n sì pe bàbá rẹ ní "Ọ̀gá ṣọ́jà". Ìyá àgbà rẹ, ìyá tó bí bàbá rẹ, jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí gan-an. Wọ́n fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di apá rẹ̀ mú níbi tí okùn wà, wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń wò ó, orí mi wú. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ wò ó, ìyá ọkọ mi ń ka okùn tí mo rán.

Lọ́jọ́ tí a ń padà, a wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀. Ọkọ̀ kò kún tán, àyè kan ṣẹ́kù lọ́kánkán wa. Nígbà tí a dé Wásinmi, ọkùnrin kan dá ọkọ̀ dúró, ó wọ dàńṣíkí, ó gbé iṣu dání, ó dà bí àgbẹ̀. Ó jókòó sí àyè yẹn. Mo rí i tí apá bàbá rẹ tó wà lára mi ṣàdédé le. Ọ̀gá sájẹ́ǹtì wọn ni, ní bárékè wa. Ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ló ti lọ ṣọdún.

Ọ̀gá náà wo ojú bàbá rẹ. Ó wá wo apá wọn. Ó tún wo ojú wọn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kọ́púrà, ẹ kú ọdún o."

Bàbá rẹ ní, "Ẹ kú ọdún, sà."

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nìyẹn láti Wásinmi títí dé Èkó. Àwọn èrò ọkọ̀ ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń jẹ ẹran ọdún, wọ́n fún mi ní ọ̀kan, mo dì í mọ́wọ́ títí ọ̀rá rẹ̀ fi yọ́ sí mi láṣọ. Ọ̀gá náà ò mú ojú kúrò lára okùn yẹn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni. Bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi, mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n to gbogbo ṣọ́jà sórí pápá, wọ́n ní kí bàbá rẹ bọ́ síwájú, ẹnì kan sì fi abẹ gé okùn náà kúrò lápá wọn. Méjèèjì ni o, èyí tí mo rán àti èyí tí wọ́n fi ara ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n tì wọ́n mọ́ gáàdírúùmù, àtìmọ́lé àwọn ṣọ́jà, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Orúkọ tó wà nínú ìwé, wọ́n fa igi lé e.

Mo ní kí n lọ bá ọ̀gá àgbà wọn, kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo rán an. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo rán an, èmi ni mo wọ̀ ọ́." Títí di òní, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Kakí yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Gbogbo ara rẹ̀ ni oòrùn ti pa láwọ̀, àfi ibi tí okùn àkọ́kọ́ wà. Ibẹ̀ dúdú minimini, ojú abẹ́rẹ́ mi sì hàn níbi tí èkejì wà. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí o bá na apá rẹ̀ sílẹ̀, wàá ka okùn méjì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí okùn.

Èyí tó wá burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bàbá rẹ búra. Wọ́n ní ìyá àwọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka okùn méjì, àwọn kò lè fi apá òfìfo padà síwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn lọ sí òkè Ọya, wọ́n sì gbé wọn lọ. Oyún rẹ ti wà nínú mi. Èmi wá sí Kémta wá bímọ. Iléyá kọjá, wọn kò wá. Òmíràn tún kọjá, wọn kò wá. Ìyá àgbà rẹ ló fún ọ ní Àkànní. Àwọn ló máa ń gbé ọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí ṣọ́jà kan bá ń kọjá, wọ́n á na ọrùn wò ó, wọ́n á ní, "Òun kọ́."

Lọ́jọ́ kan, mi ò lè gbé e mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní ojú ló ń ti ọmọ yín láti wálé, nítorí okùn tí ẹ kà lápá rẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá yẹn.

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mò ń sọ èdè àjèjì. Wọ́n ní, "Okùn wo? Mi ò ka okùn kankan. Mò ń wò ó bóyá ọmọ mi ti rù ni."

Okùn tí mo fi ẹkún gbà láyè, okùn tí wọ́n torí rẹ̀ bọ́ bàbá rẹ ní gbangba, ìyá wọn kò tilẹ̀ rí i. Ẹran ara ọmọ wọn ni wọ́n ń tẹ̀ wò. Mo kọ̀wé sí bàbá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an pé kí wọ́n máa bọ̀, mo kọ ohun tí ìyá wọn sọ sínú rẹ̀. Wọ́n fèsì pé ó ku díẹ̀, okùn ti fẹ́ padà bọ́ sí àwọn lápá, kí n bá àwọn bẹ màmá.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìyá àgbà rẹ dùbúlẹ̀, wọn kò sì dìde. A fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́. O mọ̀ pé a kì í fi òkú tiwa pamọ́, ọjọ́ náà la sin wọ́n. Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí a ń ṣàdúà, bàbá rẹ wọlé. Okùn méjì wà lápá wọn, tuntun, ẹlòmíràn ló rán an, ó gún. Wọ́n dúró níwájú àga òfìfo lẹ́nu ọ̀nà. Èmi gbé ọ fún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí ọ nìyẹn. O ké, o kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n bọ́ kakí yẹn lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ká a, wọ́n sì fi gbé ọ mọ́ra. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi kúrò níṣẹ́ ọba.

Ìdí tí mo fi ń bá ọ wí nìyẹn. N kò ní kí o má fẹ́ okùn mẹ́ta. Fẹ́ ẹ. Ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí lọ́wọ́ ìyá rẹ.

Èkíní, má wọ okùn tí wọn kò tíì kà síta fún ọ, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ kan, ì báà jẹ́ pé lọ́la ni wọn yóò kà á. Bí ìyàwó rẹ bá sunkún, jẹ́ kó sunkún. Ẹkún ìyàwó tuntun kì í pẹ́ gbẹ, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, àwọn ọmọkùnrin tí kò ní okùn tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ báyìí, ọmọ ẹnì kan ni wọ́n. Má fi okùn kan ṣoṣo sọ ara rẹ di ọba lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n gé ti bàbá rẹ, ká ní wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn tó wà lábẹ́ wọn, àwọn yẹn ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rántí ìyẹn, ó sì máa ń tù mí nínú.

Ẹ̀kẹta, jọ̀ọ́, tún okùn yẹn rán.

Ẹ̀kẹrin ni Gàníyù. O kò mọ ohun tí Gàníyù ṣe lọ́jọ́ tó wá pẹ̀lú okùn mẹ́ta rẹ̀. Ó yan káàkiri lóòótọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, obìnrin yẹn kàn ní, "Kí ló dé tí irun rẹ fi pọ̀ báyìí?", ó sì mú un jókòó, ó gbé àlùmọ́gàjí lé e lórí. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé mi. Okùn rẹ̀ kò jọ mí lójú rárá. Irun tí wọ́n ń gé yẹn ni mo jowú rẹ̀, tí mo fi wọlé lọ sunkún.

Ẹ̀karùn-ún, n kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Ojú bàbá rẹ ń lọ. Ti òsì kò ríran mọ́. Ti ọ̀tún, wọ́n ní bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú èéfín ni, dókítà sì ti sọ pé kí a má retí pé yóò dára sí i. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, kí ọkàn rẹ má baà dàrú níbi iṣẹ́. Nígbà tí fọ́tò rẹ dé, wọ́n gbé e lọ sójú oòrùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Mo ní, "Ṣé ẹ rí okùn rẹ̀?" Wọ́n fi àtàǹpàkò ra apá rẹ lórí bébà yẹn, sókè sódò, bébà kò sì lè sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ó ti rù?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ sì ni, mi ò mọ̀.

Orí àga ìyá wọn ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dúró kí okùn mẹ́ta pé, bóyá ọdún márùn-ún, bóyá mẹ́fà, wàá wọlé pẹ̀lú rẹ̀ síwájú ẹni tí kò lè rí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi rán ohun tó gba bàbá rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó tún gba ìwọ lọ́wọ́ wọn. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà gígùn báyìí nìyẹn, ọwọ́ sì ti ń ro mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ bùbá kan fún ọ láti ìgbà tí Iléyá tó kọjá ti ń bọ̀, aṣọ funfun, èyí tó rọ̀ dáadáa. Mo ti rán ara rẹ̀, mo ti rán ọrùn rẹ̀, mo ti ṣe etí rẹ̀. Ó kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi láìní apá. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé ta ló ni ín, kí ló dé tí n kò parí rẹ̀. Mo ti gbé àlùmọ́gàjí lé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbé e sílẹ̀. Bí apá rẹ ṣe gùn tó, n kò mọ̀ mọ́, Àkànní. Bó ṣe tóbi tó, n kò mọ̀ mọ́.

Gba ìsinmi, kí o wá, kí n wọ̀n ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́.